Ọbẹ̀ Màmá Mi Lọ́wọ́ Ìyàwó Wa

Mo ń jowú ìyàwó àbúrò mi. Kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi fúyẹ́, torí bí mo bá ní kí n máa fi bò, ẹ óò mọ̀ náà ni. Kì í ṣe torí ọkọ, kì í ṣe torí ilé tàbí mọ́tò. Torí ọbẹ̀ ni. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí sanra dáadáa, n kò sì tíì jáwọ́ nínú owú.

Ọbẹ̀ marúgbó ni mò ń wí, èyí tí ó máa ń dúdú bí ìdí ìkòkò. Ní Oǹdó tiwa, tí obìnrin bá bímọ, òun ni wọ́n fi ń kí i káàbọ̀ sáyé. Wọn a gún iyán gbígbóná, wọn a bu ọbẹ̀ dúdú náà lé e, ìyá ọmọ a jókòó ti ògiri, a máa jẹ, òógùn a máa bọ́. Ewé rẹ̀ máa ń fà mọ́ ọgbà ni. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé wa, màmá mi ló gbìn ín, kò sì sí obìnrin tí yóò bímọ ní àdúgbò wa tí wọn kò ní wá já níbẹ̀. Bí òórùn ọbẹ̀ náà bá ti dé ìta, gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé ọmọ dé, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ẹkún.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, iṣẹ́ tèmi kò ju kí n já ewé, kí n pọn omi, kí n ṣa òkúta kúrò nínú ìyèré. Bí ó bá ti kan orí ọlọ, màmá mi a lé mi síta. Nílé wa, wọn kì í kọ́ wúńdíá ní ọbẹ̀ náà. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ìyá a se é fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bímọ, ọmọ a máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, nígbà tí ara rẹ̀ bá sì ti mókun, ìyá a pè é sídìí ọlọ. Èmi a máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n wò. Ohun tí ó máa ń sọ kò yí padà rí.

"Ọjọ́ tí o bá bímọ ni wàá mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ ni n ó kọ́kọ́ kọ́, kí n tó wá kọ́ ọwọ́ rẹ."

Mo gbà. Ohun tó kàn mí nígbà náà kò ju orí ẹja lọ. Orí ẹja àrọ̀ gbígbẹ tó wà nínú ọbẹ̀ yẹn, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ti jà lé e lórí títí tí aṣọ fi ya. Èmi ni àkọ́bí, èmi náà ni màmá mi sì máa ń fún.

Mo lọ́kọ, ọkọ mi gbé mi lọ sí Kàdúná. Níbẹ̀ ni mo ti bí gbogbo ọmọ mi. Nígbà tí mo bí àkọ́kọ́, bàbá mi ti wà lórí àìsàn, ẹsẹ̀ kan àti apá kan ti rọ, màmá mi kò lè fi í sílẹ̀ kí ó máa rin ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ó fi ewé gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi nínú ọ̀rá. Mo bọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo sè é bí mo ṣe rò pé wọ́n ń sè é. Ó korò bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò fẹ́ni. Ìyá Hausa tó wà ní yàrá kejì bi mí bóyá oògùn ibà ni. Òun ló wá se ọbẹ̀ kúkà, ọbẹ̀ ewé osè tiwọn, fún mi, mo jẹ ẹ́, mo dúpẹ́, mo sì sunkún sórí ọmọ mi. Bí mo ṣe bí ìkejì àti ìkẹta nìyẹn náà. Ọlọ́run mi, lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ tèmi, ìyá mi kò fi ọbẹ̀ yẹn kan ẹnu mi rí.

Àbúrò mi ní tirẹ̀ fẹ́ ọmọ Ìgbàrà-Òkè, ó kó o lọ sí Àkúrẹ́. Tíṣà ni obìnrin náà ní yunifásítì, ó mọ̀wé, ó sì níwà. Mo ní láti sọ pé ó níwà, torí ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ìbá ṣe pé ó ya ọ̀yájú ni, ǹ bá mọ ohun tí mo lè bú nínú rẹ̀. Láti Oǹdó sí Àkúrẹ́, ẹni tó bá jáde láàárọ̀ yóò dé kí oòrùn tó gorí. Bàbá mi ti kú nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tó bá ti bí, màmá mi a di ẹrù, a gbé ọlọ rẹ̀ sínú mọ́tò, ó di Àkúrẹ́. A wẹ ọmọ, a se marúgbó. Wọ́n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi rí: màmá mi níwájú ọlọ, obìnrin náà lórí àpótí, ọmọ lẹ́sẹ̀, abọ́ lọ́wọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ sì dúdú. Mo da ojú fọ́tò náà dé sínú àpótí aṣọ mi. Ọmọ Ìgbàrà-Òkè, tí wọn kò mọ marúgbó yàtọ̀ sí koríko nílé tiwọn! Ẹni tí ń pe ilé ní ulé ni màmá mi ń kọ́ ní ọbẹ̀ wa.

Ẹ má sì rò pé n kò mọ oúnjẹ sè o. Ilé oúnjẹ ni mo ní ní Kàdúná. Ṣọ́jà, òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn Íbò oníṣòwò, gbogbo wọn ló mọ iyán mi. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí mi, wọn a máa tò dúró dè é. Oúnjẹ ni mo fi rán ọmọ níwèé. Àní, ọbẹ̀ kan ṣoṣo tí n kò mọ̀ ọ́n sè láyé mi ni ọbẹ̀ ìyá mi.

Màmá mi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí a ń kó ẹrù rẹ̀, ọlọ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbé. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó kàn kúnlẹ̀, ó ní, "Tiyín ni, Àǹtí Kàdúná." Orúkọ tó fún mi láti ọjọ́ tó ti dé ilé wa nìyẹn. Inú bí mi sí i. Ẹni tó lórí kò ní fìlà: ọlọ wá wà lọ́dọ̀ mi, ọbẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì, a kó bọ̀ wá sí Oǹdó, sínú ilé màmá mi. Àwọn ayálégbé ti da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé, marúgbó ti lọ. Mo dé ọjà, mo sọ èdè wa, ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ìlú wo ni mo ti wá. Èmi! Wọ́n ní ohùn mi ti di ti òkè ọya. Ìyàwó àbúrò mi sì rèé, bó bá wá kí wa, ó ń fi Oǹdó dá àwọn ìyá àdúgbò lóhùn bí ẹni tí màmá mi fi ọmú bọ́, wọn a máa pàtẹ́wọ́ fún un. Mo máa ń wọ inú ilé lọ ni.

Bóyá gbogbo rẹ̀ ì bá ti rọlẹ̀, bí kì í bá ṣe ti ọmọ mi obìnrin. Nígbà tó wọ yunifásítì ní Àkúrẹ́, ọ̀dọ̀ àbúrò mi ló gbé títí tó fi jáde. Ibẹ̀ náà ló ti rí ọkọ fẹ́. Ó ń pe obìnrin yẹn ní Mọ́mì Àkúrẹ́. Èmi ni Mọ́mì lásán. Nígbà tí oyún rẹ̀ ti pé, mo ń múra sílẹ̀ láti lọ tọ́jú rẹ̀, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n má ṣe wàhálà ọbẹ̀ o, Mọ́mì Àkúrẹ́ ti ní òun á máa wá se marúgbó, kí èmi kàn máa wẹ ọmọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́. Mo ní kò burú. Mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀wà mi sì jóná lórí iná, mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀, n kò dìde.

Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, àmọ́ tèmi mì lọ́jọ́ yẹn. Ìyá ní ń se é fún ọmọ. Èmi ni ìyá. Bí ẹlòmíràn bá se é fún ọmọ mi, ọmọ mi náà yóò kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìyẹn ni pé wọ́n ti fò mí kọjá bí ẹni fo gọ́tà. Mo pinnu pé ọwọ́ mi ni yóò se é, bí ó bá máa pa mí. Mo yí àdúgbò po, mo ń bi àwọn ìyá àgbà léèrè. Ọ̀kan ní kí n bọ ewé náà, òmíràn ní kí n má jẹ́ kí omi kàn án, ẹ̀kẹta ní wọn kì í fi efinrin sí i, ẹ̀kẹrin sì bú ẹ̀kẹta. Kálukú pẹ̀lú ti ìyá tirẹ̀.

Ọmọ mi bí obìnrin. Mo ra ewé lọ́jà, mo ra ẹja, mo sì ní kí awakọ̀ gbé ọlọ sí búùtù, ó di ilé ọmọ mi ní Àkúrẹ́. Ọlọ́pàá dá wa dúró ní ìtòsí Bọ́lọ́rundúró, wọ́n ṣí búùtù, wọ́n wo òkúta, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní ká máa lọ.

Mo ki ọmọ, mo jó díẹ̀, mo wẹ̀ ẹ́, mo sì bọ́ sí ilé ìdáná. Mo lọ̀ títí apá fi ro mí. Ọbẹ̀ náà dúdú, mo ní Ọlọ́run ṣeun. Mo gún iyán, mo gbé e fún ọmọ mi. Ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó bu ìkejì, ó mumi. Ó ní, "Ó dùn, Mọ́mì." Lẹ́yìn náà ó ní inú ń run òun, pé òun á jẹ ẹ́ tó bá yá. Nígbà tó yá, ògì ló ní kí n pò fún òun. Mo tọ́ ọbẹ̀ náà wò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ń rùn bíi koríko tí òjò pa. Mo dà á nù, mo sì fọ ìkòkò náà bí ẹni pé ìkòkò ló ṣẹ̀ mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó àbúrò mi dé. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi kú ewu ọmọ, ó ní bí n kò bá gba òun láàyè, òun kò ní dé ilé ìdáná. Ọ̀rá ewé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Mo bi í ibi tó ti rà á.

"N kò rà á, Àǹtí. Ara ọgbà wa ni. Màmá ló gé ẹ̀ka rẹ̀ wá láti Oǹdó nígbà tí mo bí àkọ́bí wa, àwọn náà ló gbìn ín."

Nítorí náà, marúgbó màmá mi kò tilẹ̀ kú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé. Mo ní kí ó wọlé, ilé ìdáná kì í ṣe tèmi. Mo gbé àpótí, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí n lè rí àṣìṣe rẹ̀.

N kò rí i. Ó da omi sórí iná, ó dé e, ó wá tẹ́ ewé náà sórí ọmọrí tó gbóná títí wọ́n fi rọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá àdúgbò tó sọ ìyẹn fún mi. Ó gbé ọlọ sílẹ̀, ó yí i títí ibi tó jìn fi bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀, ibi tí ọwọ́ màmá mi ti jẹ wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀. Èjìká rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, orí rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀ sí òsì. Bí màmá mi ṣe máa ń tẹ orí nìyẹn. Ẹ gbà mí, mo fẹ́ ti obìnrin yẹn ṣubú. Nígbà tí ọbẹ̀ náà hó, òórùn ilé wa kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ojú mi sì ń ta mí. N kò jẹ́ kí ó rí i.

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Kí ó tó bu ti ẹnikẹ́ni, ó mú abọ́ kékeré kan tó ní ọmọrí, ó bu ìpọn àkọ́kọ́ sí i, ó wá orí ẹja nínú ìkòkò, ó fi lé e, ó dé e, ó sì gbé e sórí fíríìjì. Mo ní sínú, ọwọ́ pálábá rẹ ti ségi. Ìyá ọmọ kò tíì jẹ, o ti fi orí ẹja pamọ́ fún ara rẹ. Inú mi dùn gan-an ni. Nǹkan tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá ni mo rí yẹn.

Ọmọ mi pè láti yàrá. "Mọ́mì Àkúrẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ti Kàdúná mi o."

Mo yíjú sí ìyàwó wa. Mo ní, "Kí ló ń jẹ́ ti Kàdúná?"

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló ń jẹ́ iyọ̀. Ó ní ṣebí bí wọ́n ṣe ń se é ní Oǹdó nìyẹn. Ó ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí màmá ti se ọbẹ̀ náà fún òun, ebi ìbá pa òun títí, òun kò ní fi ẹnu kàn án kí màmá tó bu ìpọn àkọ́kọ́ pẹ̀lú orí ẹja. Màmá a dé e, a gbé e sókè, a ní, "Ti Kàdúná nìyí." Ẹnì kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà náà, àlejò tó bá wọlé ni wọn yóò gbé e fún. Ó ní òun rò pé gbogbo obìnrin Oǹdó ní ń ṣe é bẹ́ẹ̀, pé ẹnikẹ́ni tó wà lọ́nà jíjìn ni wọ́n ń pè ní Kàdúná níbẹ̀, pé ó wà lára ọbẹ̀ náà bí iyọ̀ ṣe wà lára rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún ọmọ Oǹdó kan ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ rí, ìyẹn ní òun kò gbọ́ ọ rí, ìyàwó wa sì dá a lóhùn pé bóyá ìlú òkèèrè ni wọ́n ti tọ́ ọ. Kò se ọbẹ̀ náà rí kó má bu ti Kàdúná sọ́tọ̀. Nígbà tí ọmọ mi wá dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ní kò sí ìdí láti máa wá àlejò mọ́. Ọmọ Kàdúná ti wà nílé.

Mo sọ fún un pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Oǹdó. Mo ní kò sí ilé kankan ní Oǹdó tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí fíríìjì, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó nà án sí mi. Gbogbo ìgbà tí màmá mi ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó ń béèrè ọkọ mi, tó ń béèrè ọjà mi, kò mẹ́nu kàn án fún mi rí. Inú bí mi sí òkú. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Mo ti fi gbogbo ọdún yẹn jowú ọbẹ̀ tí wọ́n ń kọ́kọ́ bu fún mi.

Mo gba abọ́ náà, mo ṣí i. Ọmọ mi ti gbé ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Mọ́mì, tèmi nìyẹn." Mo wo ọmọ tí mo bí, tó ti ń jẹ orí ẹja mi láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì, mo sì jowú òun náà. Mo ní ìkòkò ṣì kún, kí ó lọ bu nínú rẹ̀.

N kò fi iyán jẹ ẹ́. N kò fi nǹkan kan jẹ ẹ́. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn díẹ̀ bí ọmọdé, mo fi ìka jẹ ọbẹ̀ ìyá mi, mo fọ́ orí ẹja náà, mo fa egungun rẹ̀ títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. N kò bù fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó wa ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán. Mo da abọ́ náà dé sílẹ̀, mo sì sún àpótí mi sídìí ọlọ.

Mo ní, "Dìde. Màmá ti kọ́ ẹnu mi. Ọwọ́ ló kù fún ẹ."